Fún Ẹbí Oyèlékè, Lórí Bàbá Tó Ń Gba Ewì Sílẹ̀ Nídìí Òṣùwọ̀n

Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Ewì ti Ìsọlọ̀,
Àjàó Estate, Èkó.

Sí Ìyá wa, Ìyá Motọ́lání, sí Motọ́lání fúnra rẹ̀, àti sí gbogbo mọ̀lẹ́bí Oyèlékè ní Máfolúkù:

Ìbànújẹ́ ló gbé kálàmù lé wa lọ́wọ́. Láti ọjọ́ Jímọ̀ tí ìròyìn ti kàn wá pé Bàbá Abdulhameed Oyèlékè, tí í ṣe olùtọ́jú ìwé ẹgbẹ́ wa, ti jáde láyé, inú ọ̀fọ̀ la wà. Àwa tí a lè fi wákàtí mẹ́ta jiyàn lórí ìlà ewì kan ṣoṣo, a jókòó ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò ṣí ìwé. Ẹ kú àráfẹ́rakù o. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ̀yìn bàbá yóò dára.

A gbọ́ ohun tí Motọ́lání sọ lójú gbogbo ẹbí lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìwé bàbá òun wá kó o kí oṣù yìí tó parí, pé èyí tó bá ṣẹ́kù, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti kó wọn wá ni òun yóò kó wọn padà sí, kí wọ́n lọ̀ wọ́n. Àwọn kan lára wa fárígá nígbà tí wọ́n gbọ́. A ní kí wọ́n dákẹ́. Motọ́lání ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, a sì mọ ìdí náà, bàbá ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún wa. Ohun tí a fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ tó gbé páálí ìwé kankan jáde nínú yàrá yẹn, kí ẹ jẹ́ ká sọ irú ẹni tí a mọ̀, àti ohun tí a rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá.

Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá fi dúró nídìí òṣùwọ̀n ní iléeṣẹ́ kan nínú Ìsọlọ̀ Industrial Estate, níbi tí wọ́n ti ń lọ ìwé àlòkù láti fi ṣe páálí tuntun. Tírélà á dé, á já ẹrù sílẹ̀ gègèrè: ìwé ìròyìn, ìwé ìdánwò, ìwé ilé-ìkàwé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́. Iṣẹ́ bàbá ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì jẹ́ kó kọjá sínú ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ náà ní òfin kan tí kò yẹ̀. Ohun tó bá ti gorí òṣùwọ̀n, ti iléeṣẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ mú ohunkóhun níbẹ̀, àfi kó fi ìwé mìíràn tó wúwo tó o dípò.

Ọjọ́ kan ni ìdì kan tú, tí ìwé pẹlẹbẹ kan já bọ́ lé wọn lẹ́sẹ̀. Ewì àtijọ́ ni, èèpo rẹ̀ ti ya kúrò, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì ti bá èèpo náà lọ. Bàbá ṣí i láàárín, wọ́n ka ìlà mẹ́rin lórí ìdúró. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé òógùn tó wà lára àwọn dédé tutù. Awakọ̀ ń tẹ họ́ọ̀nù, ọ̀gá ń pariwo orúkọ wọn, wọn kò gbọ́. "Ṣé irú èyí la ti ń lọ̀ láti ọjọ́ yìí?" Ohun tí wọ́n bi ara wọn nìyẹn, wọ́n sì ní ẹ̀rù ba àwọn gidi, ẹ̀rù ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ pé ó wà nínú ilé òun.

Bí bàbá ṣe di ẹni tó ń ru ìwé ìròyìn àná lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn o. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn lójúlé kan sí èkejì, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní ìwé tí ẹ ò lò mọ́?" Àwọn mìíràn rò pé ìyàwó wọn ló ń dín àkàrà. Ìyá wa, ẹ̀yin náà á rántí ìjà tí ẹ bá wọn jà lórí kàlẹ́ńdà tí ẹ kọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gbogbo ẹbí sí, tó pòórá lára ògiri. Ìwé arò àtijọ́ kan ni wọ́n fi gbà wálé. Ó wà lórí pẹpẹ wa títí di òní, kò sì sí ẹni tó kà á nínú wa tí orí rẹ̀ kò wú.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wá, ìwé mọ́kàndínlógójì ni wọ́n gbé dání, nínú àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti fọ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá rí ìwé tuntun yóò mú un wá bí àlejò. Yóò ka ewì kan níbẹ̀, yóò sọ ohun tó rí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi jókòó. Bàbá kà, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n jókòó. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Albert Ṣíjúadé, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀, ṣí fìlà lórí. Ó ní, "Mo ti kọ́ ewì yìí ju ogún ìgbà lọ, bàbá. Mi ò rí ohun tí ẹ rí yìí rí."

Bẹ́ẹ̀ bàbá kò lọ sí yunifásítì kankan. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ìwé àwọn onímọ̀ tó ń túpalẹ̀ ewì, tí wọ́n rí i pé àwítúnwí lórúkọ, pé ìfọ̀rọ̀dárà lórúkọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti ibi iṣẹ́ dé Àjàó Estate, wọn kò lè dúró de mọ́tò. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wò ó o! Ohun tí mo ń rí láti ọjọ́ yìí, àwọn kan ti sọ ọ́ lórúkọ!" Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ojú ń ti àwa tí a ti kàwé náà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a kàn há orúkọ wọ̀nyẹn sórí nítorí ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ tó ń dun Motọ́lání kò lè má jáde nínú ìwé yìí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí ìdì kan dé sídìí òṣùwọ̀n, tí òkùn rẹ̀ kò tíì tú. Ìwé kan náà ni gbogbo rẹ̀, tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí. Ewì ọ̀dọ́ kan ni, Kúnbi Fákúnlé. Ìwé náà kò tà, ó ti sú ẹni tó kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó o dànù. Bàbá ka ojú ìwé kìíní, wọ́n ka ìkejì, wọ́n jókòó lé ìdì náà. Òkú ló kọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti ń ṣà bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ èyí ń mí lọ́wọ́ níbì kan ní Èkó yìí, ó sì rò pé kò sí ẹni tó gbọ́ òun. Wọ́n ní àwọn ò ní mú ẹyọ kan, gbogbo ìdì ni.

Ìdì náà tó kílò mẹ́tàlélógójì, ẹ̀rọ yóò sì gbé e mì ní aago mẹ́rin. Bàbá gun ọ̀kadà dé Máfolúkù. Wọ́n kó ìwé ìròyìn, wọ́n kó páálí bàtà, kò tó. Wọ́n fa ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọdún tó kọjá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dì í mọ́ ọn láì ṣí i wò, wọ́n sáré padà. Ìwọ̀n náà pé géérégé. Ìwé Kúnbi yè. Ṣùgbọ́n ìwé tí Motọ́lání, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń kọ ewì sí wà láàárín ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn.

Nígbà tí ọmọ wá ìwé rẹ̀ tì, bàbá kò parọ́ fún un. Wọ́n ti sáré lọ wò ó níbi iṣẹ́, ẹ̀rọ ti lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí. Motọ́lání kò pariwo, kò sì sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Ewì tèmi kì í ṣe ewì ni?" Bàbá sọ èyí fún wa ní Sátidé kan, omi ń bọ́ lójú wọn sórí tábìlì.

A wá Kúnbi kàn. Ó wá sí Ìsọlọ̀, bàbá dìde, wọ́n ka ewì rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ náà fi ọwọ́ bojú, ó ń sunkún, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Bàbá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Lónìí Kúnbi ti tẹ ìwé mẹ́ta mìíràn jáde, ó sì máa ń sọ níbi gbogbo pé bàbá kan nídìí òṣùwọ̀n ni kò jẹ́ kí òun dákẹ́. Motọ́lání ní tirẹ̀ kò kọ ohunkóhun mọ́. Ó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ó ń tọ́jú àwọn òbí rẹ̀ dáadáa. Kò sígbà kan tó tẹ ẹnu ọ̀nà wa, a kò sì bi í léèrè rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, Ìyá fún wa ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù bàbá tó wà nínú yàrá ẹgbẹ́. Àkọsílẹ̀ orúkọ ìwé la ń wá. A bá ìwé kan tí wọ́n fi bébà bò, tí wọ́n kọ sí lára pé: "Ewì Motọ́lání Oyèlékè: Àkójọ àti Ìtúpalẹ̀." Ẹ̀yin ẹbí, bàbá ti kọ gbogbo ewì ọmọ yìí padà láti inú orí wọn. Àwọn ewì tí wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé ni, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́tàdínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rántí rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́rìnlá. Èyí tó gbẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ikú wọn ni. Alága ka ti àkọ́kọ́ sókè kó tó mọ ohun tó ń ṣe:

Ẹyẹ irin, rọra kọjá,
ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.
O ní ojú ọ̀run tó tẹ́ rẹrẹ,
kí lo ń wá lórí páànù wa?

Ohun tí bàbá kọ sójú ìwé tó kọjú sí i rèé: "Gbogbo ará Máfolúkù ló ń wo ọkọ̀ òfurufú bí ẹni tó fẹ́ bá a lọ. Ẹni tó kọ ewì yìí kò fẹ́ bá a lọ. Ó fẹ́ kó jẹ́ kí ìyá òun sùn. N kò rí èyí nínú ìwé àgbà kankan." Háà! Tẹ́júọlá tó ń kọ lẹ́tà yìí ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti gbọ́ ewì àwọn ọ̀gá nínú yàrá yẹn. Ó ní láti jáde síta. A ti ìwé náà pa, nítorí pé òfin wa ni pé bí ẹni tó kọ ewì bá wà láàyè, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Motọ́lání, èyí tí a kà yẹn, a kà á láì gba àyè. Dákun, fojú fò ó dá.

Ní ti àwọn ìwé tó wà nílé, ẹgbẹ́ ti pinnu pé a ó wá tò wọ́n, a ó kọ orúkọ bàbá sí ara pẹpẹ wọn, bí ẹ bá gbà fún wa. Bí ẹ kò bá gbà, tí ìpinnu yín ṣì jẹ́ pé iléeṣẹ́ ni wọ́n ń lọ, a kò ní bá yín jà. Àwa la ó dúró lẹ́nu géètì ibẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń kó ìwé ìròyìn jọ ní Àjàó Estate, a ó sì fi ìwọ̀n gbà wọ́n padà títí yóò fi pé. Ìyá wa, ìjókòó bàbá ti di tiyín láti òní lọ. Ohun yòówù tí ẹ bá fẹ́, ẹ kàn pè wá.

Ìwé ewì náà ló wà nínú àpòòwé tó bá lẹ́tà yìí wá. Tìrẹ ni, Motọ́lání. Lábẹ́ ewì kẹtàdínlógún, níbi tí a ti wo ọjọ́ tó gbẹ̀yìn kí a tó ti ìwé náà pa, wàá rí àyè tó ṣófo. Bàbá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ìlà méjì ló kù níbí. Mo ti gbìyànjú, kò wá. N kò ní fi tèmi dí i, nítorí kò ní tó o. Lọ́jọ́ tí mo bá ní ìgboyà, màá bi í."

Kí Ọlọ́run Ọba dárí àṣìṣe bàbá jì wọ́n, kó fi ọ̀run kẹ́ wọn. Kó di Ìyá mú, kó má jẹ́ kí ilé dá páropáro mọ́ yín lára. Àti ìwọ, àbúrò wa, ìwọ nìkan ló mọ ìlà méjì náà láyé yìí. Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, títí ọwọ́ rẹ yóò fi lè kọ ọ́.

Tẹ́júọlá Àbáyọ̀mí,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.