Rédíò Méjì ní Èbúté Wa

Ajah,
Oṣù Jánúárì, 1986.

Ràṣídì Àlàó ọmọ mi,

Ṣé Ìkẹjà ń ṣe ọ́ dáadáa, ṣé o sì ń jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́? Ọlọ́run tí ń sọ àwọn tó wà lókè kalẹ̀ láyọ̀ yóò máa ṣọ́ ìwọ náà. Ara mi le, àgbọn ẹ̀yìnkùlé ti so, ẹsẹ̀ bàbá rẹ náà ti ń san.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ. O rántí bí o ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ ní pápá bàálù fún mi nígbà Iléyá, pé tí kùrukùru bá bolẹ̀ tí awakọ̀ bàálù ò rí nǹkan kan, rédíò méjì ló ń mú un wálẹ̀, ọ̀kan á sọ fún un bó bá ti yà sósì tàbí sọ́tùn-ún, èkejì á sọ fún un bó bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, títí táyà á fi kan ilẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní àwa ò kúkú lajú, tí a ṣì ń gbé fìtílà kọ́ ọ̀pá ọparun ní èbúté láti ọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá rẹ.

Nígbà tí ọyẹ́ wá dé, tí kùrukùru bo ọ̀sà láfẹ̀mọ́júmọ́, tí bàbá rẹ ṣì wà lójú omi, mo sọ fìtílà kalẹ̀. Mo gbé rédíò tí o rà fún wa kọ́ orí ọ̀pá, mo yá ti Sìdíkàt aládùúgbò wa, mo gbé e sídìí ọ̀pá, mo sì yí ohùn méjèèjì sókè. Ọ̀kan ń kọrin, èkejì ń ka ìròyìn. Mo jókòó, ọkàn mi balẹ̀.

Bàbá rẹ gbọ́ wọn o. Wọ́n ní àwọn rò pé èbúté ẹlòmíràn ni, pé àwọn kan ló ń ṣe ìnáwó di mọ́júmọ́ níbẹ̀, aṣọ tó ń rùn fún ẹja ló sì wà lọ́rùn àwọn, ni ìtìjú bá mú wọn darí ọkọ̀ síbòmíràn. Orí àwọn igi tí Mọ́rúfù apẹja rì sínú omi láti fi dẹ ẹja ni wọ́n lọ gùn. Ọkọ̀ là, àwọ̀n lọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́ rìn nínú omi wálé.

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn tan fìtílà náà fúnra wọn, wọ́n gbé e kọ́, wọ́n wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá bu oúnjẹ, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ó dùn mí, Àlàó. Èmi tí mo mọ̀ pé iná yẹn ni wọ́n ń wò bọ̀ wálé, kí ló dé tí mo fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀?

Rédíò Sìdíkàt ti padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Tiwa ṣì wà lórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà. Lánàá ni bàbá rẹ bi mí pé kí ló tún ń ṣe níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti ọjọ́ náà nìyẹn, yàtọ̀ sí pé àwọn ti yó. Mo ní fìtílà ni tiwọn, rédíò ni tìrẹ, nítorí ọmọ tó ń mú ọmọ ọlọ́mọ wálẹ̀ láti sánmà, láti Iléyá, òun fúnra ẹ̀ ò tíì mọ̀nà ilé. Wọ́n bá mi so ó kó má baà já.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́, ti kẹrosíìnì àti ti bátìrì. Omi ò ní gbé ọ, afẹ́fẹ́ ò ní gbé ọ, ibi tó dáa ni ẹsẹ̀ rẹ yóò máa bà sí. Bí owó ò bá tó fún méjèèjì, ti kẹrosíìnì ni kí o fi ránṣẹ́. Kí o gbé bátìrì wá fúnra rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàbí.