Tìmùtìmù Bàbá àti Sípíríǹgì Ọkọ̀ Mi

Ilé Kẹrìndínlógún,
Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀,
Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Stella, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá tí ìyá mi kò bí,

Ṣé dáadáa ni o wà? Gbogbo ilé ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni Bàbá Dárasími wà, ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ wọ́n lọ́rùn jù? Dárasími fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun gidi báyìí àbí ẹyin díndín nìkan ló ṣì ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́? Ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o wá, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Ní tiwa níhìn-ín, Alihamudulilahi, a ò rí ibi. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé Mowe nìkan ni wọ́n rán an sí, ẹrẹ̀ ti gba gbogbo ojúlé wa, ṣùgbọ́n ara le, ìrẹsì sì ń tà.

Mo mọ̀ pé wàá máa sọ ọ́ nínú ara rẹ pé kí ló ṣe Sùwé tó ń kọ lẹ́tà bí ìgbà tí a wà nílé ìwé ní Ifọ̀, nígbà tí wasáàpù wà. Fóònù kì í gbé ìrẹsì, ọ̀rẹ́ mi. Àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà tí awakọ̀ gbé wá bá ọ ní Àkúrẹ́ yẹn, tìrẹ ni. Mo ti ṣa òkúta inú rẹ̀ fúnra mi. Ní ti tìmùtìmù ògbólógbòó tí mo so mọ́ orí àpò náà, jọ̀wọ́, má rò pé orí mi ti dàrú, má sì jù ú nù. Ka lẹ́tà yìí tán ná. Ohun kejì tó mú mi kọ lẹ́tà ni pé bí mo bá fẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹkún ni n ó máa sun, o ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀.

O mọ Àgbà Òṣìṣẹ́, píkọ́ọ̀pù mi àtijọ́ tó dàgbà ju Dárasími lọ dáadáa. Ọkọ̀ alágbára ni, ẹrù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, òun ni mo sì fi ń kó ìrẹsì láti ilé ọlọ ní Ọ̀fàdà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mowe àti sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà mi ní Ìbafo. Ṣùgbọ́n ogbó ti dé bá sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo bá ti kó àpò ogún sí i, ìdí rẹ̀ á wọ́lẹ̀, táyà á máa ha bọ́dì, iná iwájú á sì kọjú sókè bí ẹni tó ń wá oṣù Ràmàdáánì. Nínú oṣù Karùn-ún, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Mubashir, oní-sípíríǹgì tó wà lẹ́bàá gáréèjì wa. Mo ní kó bá mi wá èyí tó le jù lọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, n kò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó bọ́ àwọn irin àtijọ́ dànù, ó sì to irin ọkọ̀ tírélà lé ara wọn, méje lápá ọ̀tún, méje lápá òsì. Ìdí Àgbà Òṣìṣẹ́ wá ga sókè bí ti àgùntàn tó tẹrí mumi. Mo kó àpò márùndínlọ́gbọ̀n sí i, kò mira. Àwọn awakọ̀ ń kí mi pé, "Ìyá Onírẹsì, ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun!" Orí mi wú, mo ń rìn bí ìyàwó ọba.

Ara Bàbá mi ló wá ń jìyà rẹ̀, n kò sì mọ̀. O rántí pé ọdún tó kọjá ni Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sán. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ṣágámù sọ pé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kó máa wá kí wọ́n lè bá a na ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá ṣe é déédéé, yóò tún rìn. Bí kò bá ṣe é, ẹsẹ̀ á gan, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò sì ti máa wo ìta. Àgbà Òṣìṣẹ́ ni mo fi ń gbé e lọ, ọkọ̀ á ṣófo, èmi àti òun nìkan. Tẹ́lẹ̀, Bàbá fẹ́ràn ìrìn àjò yẹn ju oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn tí mo tún ọkọ̀ ṣe tán, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, kò sọ̀rọ̀ rárá lọ́nà. Èkejì, ó gbé tìmùtìmù dání. Nígbà tí ẹ̀kẹta máa fi pé, ó ní ara òun ti yá. Ó tún di pé òjò ń bọ̀. Ó tún di pé àlejò ń bọ̀ wá kí òun láti Ọbáfẹ́mi. Nígbà tó yá, ó ní àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹsẹ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Inú bí mi débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù, mo ní Bàbá fẹ́ fi agídí pa ara rẹ̀ sórí àga. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí o fi dé nínú oṣù Kẹjọ, tí o ní o fẹ́ lọ kí Bàbá ní Ọ̀fàdà. O bọ́ síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Kòtò àkọ́kọ́, búrẹ́dì bọ́. Kòtò kejì, orí rẹ kan òkè ọkọ̀ gbàù. O pariwo pé, "Sùwé, ṣé ọ̀dọ̀ Bàbá la ń lọ àbí ọ̀run?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo ní bí ẹrù bá wà lẹ́yìn kì í ṣe báyìí. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. O nawọ́ sẹ́yìn àga, o fa tìmùtìmù yẹn jáde, o bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní ti Bàbá ni, pé àwọn àgbà fẹ́ràn nǹkan wọn.

Mo wà ní kíṣìnì nígbà tí ìwọ àti Bàbá jókòó níta, n kò mọ ohun tí ẹ sọ. Nígbà tí à ń padà bọ̀ lo tó sọ fún mi pé o bi Bàbá bóyá ọkọ̀ yẹn ń dùn ún, pé ó kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ padà, kó tó wá sọ pé, "Sùwé ṣe wàhálà kó tó tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Gbogbo ayé ló ń yìn ín. Ẹnu wo ni n ó wá fi sọ fún ọmọ mi pé ohun tó fi ń yangàn ń dùn mí ní ìbàdí?" Háà, Stella! O rí bí mo ṣe dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí mo gbé orí lé sítíárìn. Láti ọjọ́ yìí wá, ọkùnrin yẹn fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò kí inú mi má baà bàjẹ́. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sì ń pè é ní alágídí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

O ò jẹ́ kí n jókòó sunkún. Lọ́jọ́ kejì, o wọ́ mi lọ sí Ifọ̀, lọ́dọ̀ Bàbá Ògúnkànmí tó ní ìsọ̀ sípíríǹgì nítòsí ojú irin rélùwéè, ẹni tó ń tún ọkọ̀ bàbá rẹ ṣe láyé ijọ́un. Kò tíì wo ọkọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Àpò mélòó ni mò ń kó? Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń ṣófo? Ta ló ń jókòó síwájú? Ìbéèrè kẹta yẹn ni kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní, "Ìyá Onírẹsì, bàtà erin lẹ wọ̀ fún ẹṣin." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ irin mi lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ìwọ lo dì mí mú lọ́jọ́ yẹn, n bá bá arúgbó jà. Mo ń pariwo pé bí ìdí ọkọ̀ bá tún wọ́lẹ̀, kí ni n ó máa fi kó ìrẹsì, kí ni a ó máa jẹ? Bàbá Ògúnkànmí kàn ní kí wọ́n fún mi lómi tútù.

O rántí ohun tó ṣe. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn márùn-ún ló tò sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń tẹ̀ tó sì ń padà. Ó wá gbé irin kúkúrú kan tó nípọn lé wọn lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́lípà. Ó ní kí n ki ìka bọ àlàfo tó wà láàárín irin náà àti ibi tí yóò fi ti ara ọkọ̀. Ìka mi méjì wọlé. Ó ní bí ọkọ̀ bá ṣófo, irin yìí kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú, yóò kàn wà níbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo, tí ara ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, ìgbà náà ni yóò bá àwọn yòókù gbé e. Ó sì fa etí mi pé n kò gbọdọ̀ kó ju àpò ogún lọ mọ́, pé sípíríǹgì tuntun kò sọ bíréèkì di tuntun. Mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, má fi ojú yẹn wo lẹ́tà mi. Àpò ogún ni mò ń kó títí di òní, ìdí ọkọ̀ kò wọ́lẹ̀, iná iwájú sì ń wo ọ̀nà.

O ti padà sí Àkúrẹ́ kí èyí tó kù tó ṣẹlẹ̀. Mo ṣe bí o ṣe ní kí n ṣe, n kò sọ fún Bàbá pé mo mọ nǹkan kan. Mo kàn ní kó sìn mí dé Ọbáfẹ́mi lọ wo oko ìrẹsì kan. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé tìmùtìmù rẹ̀ há abíyá. Bó ṣe jókòó, ọwọ́ méjèèjì ló fi di irin òkè ilẹ̀kùn mú, ó sì di ojú. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọwọ́ méjèèjì yẹn ti wà níbẹ̀ tí n kò rí i? A wọ kòtò kan, ọkọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀, ó rọra gòkè. Bàbá la ojú kan. A wọ òmíràn, ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀. Kí a tó dé Ọbáfẹ́mi, ó ti ń ka orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún mi, ìtàn tí mo ti gbọ́ nígbà igba, mo sì ń dáhùn bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo gbọ́ tó ń hanrun. Bàbá sùn! Mo rí ilé Bàbá ní Ọ̀fàdà lọ́ọ̀ọ́kán, Stella, mo sì wa ọkọ̀ kọjá. Mo lọ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mowe, mo yí padà, mo tún kọjá ilé lẹ́ẹ̀kejì. Epo ń jó, kó máa jó. Nígbà tó jí, ó bi mí pé ṣé a ò tíì délé ni. Mo ní a ti ń dé e, Bàbá.

Láti ìgbà náà, ó ti lọ sí Ṣágámù lẹ́ẹ̀mẹrin, kò pa ọ̀kan jẹ. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá yìí, ó fi ọ̀pá kan ṣoṣo rìn láti géètì títí dé orí àga, kò di èjìká mi mú. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù ló ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, wọ́n ní bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Oṣù mẹ́ta lè kọjá kí a má pe ara wa, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹrù wọ̀ mí lọ́rùn lo dé. Kò ní rẹ̀ ọ́, ọmọ rẹ kò ní fi ohun tó ń dùn ún pamọ́ fún ọ. Bá mi kí Bàbá Dárasími púpọ̀. Kí ìyá ọkọ rẹ fún mi, sọ fún wọn pé mo kúnlẹ̀. Fadilah, àbíkẹ́yìn mi, ní kí n kí ọ, ó sì ń bi mí ìgbà tí Dárasími ń bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tìmùtìmù. Títí di òní, Bàbá kò bi mí ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀, èmi náà kò sì sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ lánàá pé mò ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí ọ, ó dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí ọkọ̀, ó yọ tìmùtìmù lẹ́yìn àga, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bá mi fún Stella. Sọ fún un pé n kò lò ó mọ́."

Èmi ni, tìrẹ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn,
Sùwéébátù