Omi Tútù, Ọjọ́ Mẹ́ta

Màmá mi àtàtà,

Àlàáfíà ni mo wà, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé àwo ni mo ń fọ̀ níbí. Àwo ìwádìí tí wọ́n ń sin kòkòrò àrùn sí ni, kì í ṣe àwo oúnjẹ.

Èèpo igi tí ẹ fi ránṣẹ́ nítorí egbò ọwọ́ mi ti di gbajúmọ̀. Ọ̀gá wa tó ń wá oògùn kòkòrò àrùn gba díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n sè é, kòkòrò ò kú, wọ́n wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní màmá mi kì í gbé e kaná, pé omi tútù ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́, kòkòrò kan ò ṣẹ́ kù nínú àwo.

Wọ́n ti lẹ ìwé àbájáde ẹ̀ mọ́ ògiri. Orúkọ èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní àyè ò gba tèmi. Ẹ̀yin wà níbẹ̀ ṣá, "arúgbó kan" ni wọ́n pè yín. Ọ̀rọ̀ náà ju ẹkún lọ, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ìyókù èèpo náà sínú fìríìjì, wọ́n tì í pa. Egbò mi ń jinná, bí mi ò bá ṣáà ti fọwọ́ kan ọṣẹ.

Níjẹta, ọ̀gá ní kí n bi yín lórúkọ igi náà. Mo ní arúgbó ni màmá mi, wọ́n ti gbàgbé.

Ẹ bá mi kí bàbá mi. Ẹ kí gbogbo ẹni tí ẹ sọ fún pé mo ti di dókítà. Ẹ ní ọwọ́ mi ló dí.

Èmi ọmọ yín.