Gbólóhùn tí Bàbá Òkè Sọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025

Ọ̀gá mi ní yunifásítì ní Calgary níbí dá chapter kẹta ìwé PhD mi padà. Wọ́n ní mo ka ọ̀rọ̀ àwọn olórí China nínú ìwé nìkan, mi ò mọ bó ṣe ń dún létí ará ìlú láyé àtijọ́ àti lónìí. Kí n tún un kọ. Bí wọn ò bá gba èyí, PhD tán nìyẹn. Study permit tí mo fi ń gbé ìlú yìí náà tán.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì

Bàbá Òkè gbà mí. Mr. Liu, landlord mi — àwọn lókè, èmi ní basement. A jọ gbọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tí wọ́n ká ọ̀rọ̀ àwọn olórí sí. Ọmọ Hunan ní China ni wọ́n, ohùn ibẹ̀ jìnnà sí Mandarin, èdè ìjọba tí mo kọ́ ní Beijing. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ohùn ìlú tirẹ̀ ni olórí kọ̀ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀. Á pa òwe, á ṣẹ̀fẹ̀, á bú èèyàn. Èrò ẹ̀yìn kì í gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n á máa wo àwọn tó wà níwájú — àwọn yẹn bá pàtẹ́wọ́, àwọn náà á pàtẹ́wọ́.

Ti ìsinsìnyí ńkọ́? Mandarin tó dán, ìwé ni àwọn olórí ń kà, gbogbo èèyàn ló gbọ́. "Oorun ló máa ń gbé mi lọ," ni Bàbá wí.

Mo kọ̀wé títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì

Mo gbọ́ gbìì lókè. Ilẹ̀ kíṣìnì ni mo bá wọn. Ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yá Rabbi.

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì

Dókítà ní ọsibítù ní stroke ni. English ti lọ lẹ́nu wọn, Mandarin náà. Ti Hunan ló kù, ìyẹn náà ń lọ́. Mei, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Calgary ni wọ́n bí i sí, kò gbọ́ ọ. Ògbufọ̀ orí fóònù ní òun náà ò gbọ́. Mei di ọwọ́ mi mú, ó ní èmi tí mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ nìkan ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Wọn ò lè gbé nǹkan mì mọ́. Dókítà fẹ́ ti rọ́bà bọ ihò imú wọn kí oúnjẹ lè máa wọlé. Ó ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Mo bi wọ́n. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n sọ gbólóhùn kan. Mei ní kí ni Dádì sọ?

Mo ní, "Wọ́n ní ká fi àwọn sílẹ̀."

Mei sunkún. Dókítà ò ti rọ́bà náà mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Mi ò lè lọ sí ọsibítù lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Fẹ́búárì

Bàbá Òkè ti kú. Ọ̀gá fi email ránṣẹ́: chapter náà dára, wọ́n gbà á. Mei sọ̀ kalẹ̀ wá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé ohun tí Dádì sọ nìyẹn.

Mo ní ó dá mi lójú.

"Ẹ fi mí sílẹ̀" ni mo gbọ́. Tàbí "Ẹ má fi mí sílẹ̀." Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, níbi tí 'má' máa ń wà lédè wọn, ni kò jáde lẹ́nu wọn.