Ọ̀gá Lẹ́yìn, Dírẹ́bà Níwájú

Ajé, 7 Nòfẹ́ńbà 1977

Wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ tó máa yan jẹ́ẹ̀tì tí a ó fi máa kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú bí wọ́n ṣe ń fò. Ìlọrin la ti ń pàdé, torí pé àdúgbò Gàmbàrí níbẹ̀ nilé alága wà, Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò lè filé sílẹ̀.

Alága ọ̀hún, Alhaji Láwàl, oníṣòwò aṣọ ni. Kò wọ bàálù rí àfi èyí tó gbé e lọ Mẹ́kà, ó sì ní òun sùn títí tó fi balẹ̀. Kọ́lápọ̀ ni akọ̀wé. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi nìkan ni mo mọ jẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n fi mí sí.

Ìṣẹ́gun, 8

Ọkọ̀ méjì ni. Nínú ìwé yìí, mo ti sọ wọ́n ní Ìyálé àti Ìyàwó. Eré wọn ò jùra lọ. Nínú méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó síwájú, olùkọ́ ń jókòó sẹ́yìn, kálukú sì ní ọ̀pá ìdarí tiẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ rèé – ti Ìyálé, ìjókòó méjèèjì dọ́gba. Tí mo bá wà lẹ́yìn, kìkì orí akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń rí. Ti Ìyàwó, wọ́n gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Mò ń rí ilẹ̀ tí a fẹ́ bà lé.

Èmi ni mo máa jókòó síbẹ̀ o! Danjuma ni akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọmọ dáadáa ni, kì í pẹ́ kírun, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń sún mọ́ wa, ṣe ló máa ń dijú. Lóṣù tó kọjá, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo fa ọ̀pá tèmi, Ṣadé ìyàwó mi ì bá ti di opó. Ìyàwó ni mo fẹ́ kí wọ́n rà. N ò tíì fẹ́ kú.

Ọjọ́rú, 9

Ìpàdé. Láti àárọ̀ títí dọ̀sán, àwọ̀ tí wọ́n máa kùn ún là ń sọ.

Ọjọ́bọ̀, 10

Àwọn òyìnbó tó ń tà wọ́n gbé ọkọ̀ méjèèjì wá sí pápákọ̀. Alhaji yí Ìyálé po, ó ń fọwọ́ gbá a lára bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò. Ó bi mí pé ta ní ń jókòó síwájú. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀gá ńkọ́? Mo ní ẹ̀yìn. Inú ẹ̀ dùn! Ó ní àṣé òyìnbó náà mọ̀ pé ọ̀gá kì í jókòó ti dírẹ́bà. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe ọkọ̀ mẹ́sẹ́dísì. Kọ́lápọ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Alhaji gun ẹ̀yìn Ìyálé. Ó ní tìmùtìmù ibẹ̀ rọ̀, òun ló wu òun. Ó tán!

Ẹtì, 11

Jímọ̀. Kò sí ìpàdé.

Ajé, 14

Mo sọ̀rọ̀ lónìí títí ẹnu fi ń ro mí. Eré, epo, ìyẹ́. Nígbà tí mo dé orí pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà, Alhaji tají. Ó ní ọ̀gá wo ló ń fúnra ẹ̀ wo ọ̀nà? Kí wá ni iṣẹ́ dírẹ́bà?

Mo délé, mò ń ráhùn. Ṣadé ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe máa yé e. Ẹ ní nínú èkejì, orí ọ̀gá ga ju ti dírẹ́bà lọ." Háà! Ọpọlọ obìnrin yìí pé.

Ọjọ́rú, 16

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo fi kún un pé gbogbo ayé á máa rí ọ̀gá láti ilẹ̀. Ojú ẹ̀ là! A padà sí pápákọ̀ lójú ẹsẹ̀. Alhaji gun ẹ̀yìn Ìyàwó, ó tún fìlà ẹ̀ dé, ó juwọ́ sáwọn tó ń gé koríko. Wọ́n juwọ́ padà. Ibẹ̀ náà ló ti ní òun ti yàn án. Wàláì, díẹ̀ ló kù kí n jó.

Àìkú, 20

Mo ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti gbé ìjókòó mi sókè. Wọ́n rò pé wọ́n gbà mí sípò tuntun lẹ́nu iṣẹ́ ni, wọ́n ń kí mi kú oríire. Mo dáhùn.

Ìṣẹ́gun, 22

Alhaji fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wa, odidi itan. Mo ti bú ọkùnrin yìí jù nínú ìwé yìí. Èèyàn gidi ni.

Ọjọ́bọ̀, 1 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé Ìyàwó la máa rà. Alhaji ní òun ti bá òyìnbó sọ̀rọ̀, wọ́n á tún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣe kó bá ipò ọ̀gá mu. Mo rò pé kọ́tìnì ni wọ́n fẹ́ ta sí i. Kọ́lápọ̀ kà á sétí wa: wọ́n máa yọ ọ̀pá ìdarí ẹ̀yìn kúrò.

Alhaji ní ìwọ̀sí gbáà ni kí ọ̀gá jókòó sẹ́yìn kó tún máa wakọ̀. Òyìnbó ní kò sí wàhálà, ọkọ̀ á tiẹ̀ fúyẹ́ sí i. Mo lọgun. Mo ní tí Danjuma bá dijú ńkọ́? Alhaji gbá mi léjìká, ó ní ṣebí èmi lọ̀gá, kí n pàṣẹ fún un pé kó lajú.

Mo wojú Kọ́lápọ̀. Ó ń po ṣúgà nínú tíì.

Ẹnu ara mi ni mo fi pe akẹ́kọ̀ọ́ ní dírẹ́bà. N ò lè sọ ọ́ fún Ṣadé. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Danjuma wá kí mi nírọ̀lẹ́. Ó ní ọkàn òun ti balẹ̀ wàyí, pé tí òun bá dijú, èmi tí mo wà lókè lẹ́yìn á ṣì máa rí ilẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Màá máa rí i. Kedere ni màá máa rí i, títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa.