Nọ́ńbà Irọ́ Tí Mo Kọ Bá Ìṣirò Ọkọ Mi Mu

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ irọ́ sínú ìwé ọkọ mi, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná... Tíṣà ni ọkọ mi níbí ní Ìsàn, ó tún ń ṣe master's. Project rẹ̀ ni àpótí tó ń mú abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù láìsí iná ìjọba. Ohun pẹlẹbẹ kan tí kò ju bísíkíìtì lọ ló lẹ̀ mọ́ ọn, tí iná bátìrì bá ti wọ inú rẹ̀, ojú kan á tutù, ojú kejì á gbóná. Nínú ìwé, ńṣe ni ọkọ mi ń ya ọ̀nà tí ooru ń gbà bí ẹni ń ya wáyà iná. Ó ní bí iná ṣe ń ṣàn ni ooru náà ń ṣàn, fóòmù ara àpótí ló ń dí i lọ́nà, pé àwòrán yìí lòun máa fi mọ bó ṣe máa tutù tó nínú oòrùn.

Ó ní kí n máa ka tẹmómítà ní gbogbo ìdajì wákàtí, kí n máa kọ ọ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ mo kọ òótọ́, kò bá ìṣirò rẹ̀ mu, ó ń kanra mọ́ mi. Ọjọ́ kẹta ara Tolú ọmọ wa gbóná, eyín ló ń hù, mo pọ̀n ọ́n títí, n kò rántí tẹmómítà mọ́... mo bá jókòó, mo kọ nọ́ńbà tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó dùn ún wò. Ọkọ mi gbé ìwé náà wọlé pẹ̀lú pẹ́ńsù, ìgbà tó jáde ó ní, “Ìyá Tolú, uṣẹ́ rẹ mà dára o! Ó bá a mu gẹ́lẹ́!” Ó gbé ọmọ, ó ń jó.

Báwo ni ìṣirò òótọ́ ṣe máa bá irọ́ mu? Mo lọ yẹ ìwé wò. Nọ́ńbà tó fi ṣírò bí fóòmù ṣe ń dí ooru tó, ó ti fi rọ́bà pa á, ó kọ òmíràn lé e... fóòmù kan náà o, kò pààrọ̀ rẹ̀! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, àbí a jọ ń tan ara wa ni? Látìgbà náà, tó bá ní yunifásítì òun ní Ọ̀yẹ́ lòun ń lọ, mo máa ń bi ara mi bóyá òótọ́ nìyẹn náà.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa máa kó abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi sínú àpótí yẹn láti àárọ̀, Tolú wà lára àwọn ọmọ tó máa gbà á lọ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ tí ooru bá bà jẹ́, kí ló fẹ́ ṣe lára ọmọ? Tí mo bá jẹ́wọ́ tèmi, màá bi í ní tirẹ̀, ilé á dàrú. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́... Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ọkọ mi ni àbí nọ́ọ̀sì?