Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ Tí Mò Ń Jẹ Fún Ọ

Ìmọ́lẹ̀olúwa ọmọ mi, Àlàó ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ọ̀yọ́ ńbẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ iléèwé tí ò ń kọ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ọlọ́run tó jí wa ní Ìkòyí-Ilé láàárọ̀ yìí á máa jí ìwọ náà pẹ̀lú okun, apá rẹ kò ní rọ, ẹsẹ̀ rẹ á máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, àmín. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Bàbá rẹ ní ọ̀kan jọ ọ́ níwájú orí, má dá a lóhùn o.

O sọ lórí fóònù lánàá pé o ò ní wálé fún Ìkórè, kí àìsàn yẹn má baà tún dá ọ dùbúlẹ̀ lójú wa. Mo ní kò burú. Lẹ́yìn náà ni mo da ìborùn bo fóònù kó má baà rí mi, mo wá sunkún.

Ṣé torí iyán mi ni? Nígbà tí o wálé lọ́dún Àjíǹde, o bá bàbá rẹ kọ ebè títí oòrùn fi wọ̀, èmi ní ọmọ mi ti rù, mo gún iyán, mò ń bù ú sí i fún ọ, o sì ń jẹ ẹ́ torí kí inú mi lè dùn. Ilẹ̀ mọ́, o ní o ò lè gbé apá, o ò lè gbé ẹsẹ̀. Yéè! Ojú rẹ là, ẹnu rẹ ń sọ̀rọ̀, ara ò dá ọ lóhùn. Bàbá rẹ gbé ọ sínú mọ́tò, èmi sì ń fi àdúrà lé àwọn àbúrò bàbá rẹ kiri láti ilé títí a fi kọjá oríta Takie. Ní ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ́ọ̀mù ti lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì Ràódàt léèrè pé ṣé ẹ̀rọ ò dárúkọ ẹni tó mú un lọ. Ó ní rárá, Mọ́mì, iṣẹ́ àṣelàágùn pẹ̀lú iyán àjẹkì ló máa ń fà á fún irú ara tìrẹ. Mo ti lọ bẹ àwọn àbúrò bàbá rẹ. Wọn ò mọ ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún, àmọ́ wọ́n ní àwọn ti gbà.

Ràódàt tún ní iyọ̀ náà wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ni mo bá ń jẹ ẹ́ fún ọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ṣebí nígbà tí inú ń run ọ́ lọ́mọ ọmú, èmi ni mo mu àgbo, tí inú tìrẹ sì rọlẹ̀. Ràódàt gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó ní ikùn èmi nìkan ló ń lọ, wọ́n ti já ọ lẹ́nu ọmú tipẹ́, pé oògùn tí dókítà kọ fún ọ ni kí o máa lò. Ó dùn mí o. Mo rò pé mò ń ṣe nǹkan kan fún ọ ni.

Tí owó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra odó kékeré, torí ọwọ́ mi ò mọ ìwọ̀n nínú odó ńlá yìí. Má fi sí báńkì. Mo kí ẹ̀rọ tó wà níta ibẹ̀ títí, kò jẹ́ mi, ó sì ń fún ẹlòmíràn lówó lójú mi.

Wálé fún Ìkórè, Àlàó. Ta ló máa gbọ́ igbe rẹ nínú yàrá tí ìwọ nìkan ń gbé yẹn? Kí o tó mọ ìrìn, ṣebí ẹ̀yìn mi lo wà, ṣé mo ráhùn? Olúwa yóò fún ẹsẹ̀ rẹ lókun. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà bá sì kọ̀, kó kọ̀ níbi tí mo wà.

Èmi ni, ìyá rẹ.